Ẹ gbé rímù sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó: bí a ṣe ń yan bébà tó yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Kumasi

Bí àsìkò bá tó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá ní Yunifásítì Kwame Nkrumah, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí KNUST, yóò fi iṣẹ́ ìwádìí wọn sílẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí ó yí ọgbà yunifásítì náà ká ní Kumasi, láti Ayeduase dé Bomso títí kan Kotei, kì í ráyè sinmi. Ẹ̀rọ ń kùn, èrò ń tò, olúkúlùkù ń wo aago. Nínú gbogbo ìkánjú yìí, ohun tí oníbàárà kì í béèrè nípa rẹ̀ ni bébà. Ó mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí ojú ewé kan, ó mọ̀ bóyá dúdú nìkan ni òun fẹ́ tàbí aláwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n ní ti bébà, èyíkéyìí tí wọ́n bá kì sínú ẹ̀rọ ló gbà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bébà yìí ni ó máa ń há sí ẹ̀rọ lọ́fun nígbà tí iṣẹ́ bá ku díẹ̀ kí ó parí. Òun ni ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ewé yọjú síwájú, tí ẹni tí yóò ka iṣẹ́ náà yóò fi máa fojú wá ìlà. Òun kan náà ni ó ń pinnu bóyá àdéhùn ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ lónìí yóò ṣeé kà fún àwọn ọmọ yín ní ogójì ọdún sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Oníṣòwò tí ń tẹ ìwé ìdíyelé ní Adum, olùkọ́ tí ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, akọ̀wé ìjọ tí ń tẹ ètò ìsìn, gbogbo wọn ni wọ́n ń náwó sórí rímù lẹ́yìn rímù. Àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n ń pè é ní tákàdá, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá, mọ̀ pé oríṣi rẹ̀ pọ̀.

Kí ni nọ́ḿbà 80 tí ó wà lára rímù ń sọ?

Lára ohun tí a fi wé rímù, ẹ ó rí nọ́ḿbà kan, 70 tàbí 75 tàbí 80, tí lẹ́tà gsm tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí bébà náà ṣe nípọn tó ni nọ́ḿbà yìí ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ó ṣe wúwo tó ni. Iye gírámù tí bébà náà yóò wọ̀n ni, bí a bá gé e kí ó fẹ̀ ní mítà kan, kí ó sì gùn ní mítà kan. Bébà méjì lè jọ nípọn bákan náà, kí ọ̀kan fúyẹ́ ju èkejì lọ nítorí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣirò tí ó wà nínú bébà A4 dùn mọ́ ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ní ọdún 1922 ni ilẹ̀ Jámánì fi ìlànà kan lélẹ̀ fún ìwọ̀n bébà, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni Walter Porstmann, ìlànà yìí ni ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bébà tí ó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ náà ni A0, tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan géérégé. Bí ẹ bá gé e sí méjì, ẹ ti rí A1. Ẹ gé ìyẹn náà sí méjì, ó di A2. Nígbà tí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kẹrin, A4 ni ó wà lọ́wọ́ yín, ó fẹ̀ ní mìlímítà 210, ó gùn ní mìlímítà 297. Ìdí nìyí tí bébà A4 mẹ́rìndínlógún fi wà nínú A0 kan ṣoṣo. Bí A0 bá wọn gírámù 80, A4 kan yóò wọn ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún rẹ̀, gírámù 5 nìyẹn. Rímù kan jẹ́ ewé 500. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: gírámù 2,500, kílò méjì ààbọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ó ti di ohun tí ó kan àpò owó. Ní ọjà Kejetia, agolo tí wọ́n ń pè ní olonka ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti ẹ̀wà, oníbàárà sì lè fojú ara rẹ̀ rí i bí orí agolo bá kún tàbí bí kò kún. Rímù kò ṣeé fojú wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bébà 70 àti 80 kéré débi pé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe màgòmágó lè wé 70 sínú ohun tí a kọ 80 sí, tàbí kí ó yọ ewé mẹ́wàá mẹ́wàá kúrò nínú rímù kọ̀ọ̀kan kí ó tó dí i padà. Òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú. Ẹ gbé rímù náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó 80, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò méjì ààbọ̀, pẹ̀lú gírámù díẹ̀ lórí rẹ̀ fún ohun tí a fi wé e. Bí ó bá jẹ́ 75, gírámù 2,340 ni ẹ ó rí, tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ 70, kò ní ju nǹkan bí 2,180 lọ.

Ṣùgbọ́n bí rímù bá fúyẹ́, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá bébà ni kò wúwo tó ni àbí ewé ni kò pé? Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ewé sọ́tọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rùn-ún ewé 80 yóò wọn ìdajì kílò. Ọgọ́rùn-ún ewé 70 yóò wọn nǹkan bí gírámù 437. Bí ọgọ́rùn-ún bá pé ìdajì kílò tí odindi rímù kò sì pé kílò méjì ààbọ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti bọwọ́ sínú rẹ̀. Kí ẹ má sì bá olùtajà jà nítorí gírámù ogún tàbí ọgbọ̀n, nítorí pé bébà ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń yí díẹ̀ pẹ̀lú ojú ọjọ́.

Kò pọn dandan kí gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ti 80. Bébà 70 tó fún ìbéèrè ìdánwò tí a tẹ̀ sí ojú kan, ó tó fún àkọsílẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kálámù pupa tún ṣe kí ẹ tó tẹ ojúlówó. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 80, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ yóò máa hàn láti ẹ̀yìn. Lẹ́tà tí ó ń lọ sí ilé-ẹjọ́ tàbí ilé ìfowópamọ́ yóò gbayì lórí 90 tàbí 100. Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílò 120 sókè, èèpo ẹ̀yìn ìwé kékeré sì lè gbà tó 200. Ẹni tí ó bá ń fi 100 tẹ ìwé ìdíyelé ojoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń fi owó rẹ̀ tọrẹ fún ẹni tí ó ta bébà fún un.

Ẹ̀rọ wo ni ẹ ní nílé?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìnáwó, nítorí pé ọ̀nà méjì tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé àti ọ́fíìsì ń gbà ṣiṣẹ́ kò bá ara tan rárá.

Ẹ̀rọ oníyíńkì ń tu yíńkì olómi sórí bébà ní ẹ̀kán tíntìntín tí ojú kò lè rí. Ó fẹ́ bébà tí yóò gba omi náà mọ́ra kíákíá, ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ó tàn káàkiri. Bí bébà bá jẹ́ gbẹ̀rẹ́, lẹ́tà yóò yọ irun bí ìgbà tí èèyàn kọ̀wé sórí aṣọ, àwọ̀ yóò sì ṣú. Ẹ̀rọ yóò máa jẹ yíńkì, iṣẹ́ kò sì ní dára. Ní ti ẹ̀rọ oníyíńkì, owó tí ẹ rò pé ẹ rẹ́ sílẹ̀ lórí bébà gbẹ̀rẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ bá ọ̀nà yíńkì lọ.

Ẹ̀rọ lésà kò mọ omi. Lẹ́búlẹ́bú ni yíńkì tirẹ̀. Agbára iná mànàmáná kan tí ó rọra wà lára róòlù inú ẹ̀rọ ni ó ń fa lẹ́búlẹ́bú yìí mọ́ra, òun ni ó sì ń gbé e lé bébà lórí. Lẹ́yìn náà, bébà yóò gba àárín róòlù gbígbóná méjì kọjá, níbi tí ooru ti súnmọ́ 200 lórí ìwọ̀n Celsius. Ooru yìí ni ó ń yọ́ lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ bébà lára. Ẹ rí i pé bébà tí yóò wọ ẹ̀rọ lésà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná kò lè pa lára.

Èyí ni ó mú kí àṣìṣe kan wà tí ó léwu ju ìyókù lọ. Bébà fọ́tò dídán tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ oníyíńkì ní ohun kan tí a fi ra ojú rẹ̀, òmíràn sì ní ike nínú. Bí ẹ bá kì í bọ ẹ̀rọ lésà, ohun náà lè yọ́ mọ́ róòlù gbígbóná, róòlù náà sì kì í ṣe ohun tí a ń rà ní owó kékeré. Ike fífẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe àfihàn lára ògiri náà ń bẹ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún lésà. Kí ẹ ka ohun tí a kọ sára páálí. Bí ó bá sọ pé oníyíńkì nìkan ni ó wà fún, ẹ gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ bébà tó nípọn náà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìwé ẹ̀rí sórí bébà 160 pẹ̀lú ẹ̀rọ lésà, tí ẹ sì fi ọwọ́ nù ún, tí lẹ́tà ń ṣí bí ìpẹ́, ẹ má tíì dá yíńkì lẹ́bi. Ẹ̀rọ rò pé bébà lásán ni ẹ fún òun, ó sì gbé e kọjá lórí iná kíákíá. Nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti tẹ̀wé, àyè kan wà tí ẹ ti lè sọ fún un irú bébà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ yan èyí tó nípọn. Ẹ̀rọ yóò rọra lọ, ooru yóò sì ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ náà kí ẹ mọ bébà tó wúwo jù tí ó lè gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé kì í gba 200.

Àwọn tí ẹbí wọn wà ní Amẹ́ríkà yóò mọ ìyọnu mìíràn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í lo A4. Bébà tiwọn tí wọ́n ń pè ní Letter fẹ̀ ju A4 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrú jù ú: mìlímítà 216 sí 279. Bí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Houston bá dé Kumasi, ẹ̀rọ lè dúró gbọnin, kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú, bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Letter ni ó ń béèrè, A4 ni ó rí. Ẹ yí ìwọ̀n bébà padà sí A4 nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ní kí ó fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wọ ojú ewé náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gé etí ìwé yín dànù.

Òjò, ọyẹ́ àti bébà tí ó ń há

Ilẹ̀ igbó ni Kumasi wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dún níbẹ̀, àkọ́kọ́ a máa lágbára jù ní oṣù Kẹfà, èkejì a máa dé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, rímù tí a ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ ti mu omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Etí bébà á máa rú sókè bí ìgbì, ara rẹ̀ á rọ̀, ewé méjì á lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rọ á sì gbé wọn wọlé pọ̀. Nínú ẹ̀rọ lésà, bébà tútù kì í di agbára iná tí ó ń fa lẹ́búlẹ́bú mú dáadáa. Nítorí náà, ìwé á jáde pẹ̀lú àbàwọ́n funfun níbi tí ó yẹ kí ó dúdú, ooru róòlù á sì ká bébà náà kò bí ewé gbígbẹ.

Bí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kejìlá lọ, òdì kejì ni. Bébà á gbẹ táútáú, iná mànàmáná kéékèèké tí ó máa ń ta èèyàn lára nígbà tí ó bá ń bọ́ aṣọ ọ̀rá á wọ inú rímù, àwọn ewé á sì di ara wọn mú. Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀, ó ń bà lé róòlù rọ́bà tí ó ń fa bébà wọlé, rọ́bà náà á sì máa yọ̀. Àṣọ tó rin díẹ̀ ni a fi ń nu rọ́bà yìí nígbà tí a bá ti pa ẹ̀rọ.

Ohun tí a fi wé rímù kì í ṣe fún ẹwà. A ṣe é kí omi inú afẹ́fẹ́ má ba à rí ọ̀nà wọlé, nítorí náà ẹ má ṣe ya á kúrò títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ewé tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀rá wé e. Ẹ má tò ó sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ gbé e sórí pákó. Rímù tí ó ti inú ọkọ̀ gbígbóná wọ ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí i. Kí ẹ tó kì í bọ inú ẹ̀rọ, ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ ṣí i ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé bí ẹni tí ń ka owó, kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín àwọn ewé. Bí ó bá ní àmì ọfà lára ohun tí a fi wé e, ojú ibi tí ọfà náà kọ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀wé sí. Ẹ má sì da 70 àti 80 pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan náà láéláé.

Ìwé ètò ìsìnkú

Ẹni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ Asante mọ̀ pé ìsìnkú kì í ṣe ohun kékeré níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, aṣọ pupa àti dúdú a gba ìgboro. Àwòrán olóògbé á ti wà lára ògiri àti òpó iná ṣáájú ọjọ́ náà, ìwé kékeré aláwòrán tí ó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ àwọn tó wá báni kẹ́dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú Yorùbá lọ síbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i. Iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ńlá ni púpọ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá há, tàbí tí ìwé kò bá kárí, ẹbí á ní kí ọmọ tí ó ní ẹ̀rọ nílé tẹ àádọ́ta sí i.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ náà á wo ìwé tí ilé ìtẹ̀wé ṣe, á rí i pé ó ń dán, á sì lọ ra bébà dídán bí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníwèé. Bébà ilé ìtẹ̀wé ńlá ni ó rà, èyí tí a fi ẹfun ra lójú fún yíńkì olóròóró tiwọn. Bí ó bá kì í bọ ẹ̀rọ oníyíńkì, omi yíńkì kò ní rí ibi wọ̀ sí. Á dúró lórí bébà bí omi lórí ewé kókò, ìka àkọ́kọ́ tí ó bá kàn án á sì ba ojú olóògbé jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni bébà oníyíńkì tí a ra lójú méjèèjì, tí kò dán. Ó ṣeé tẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ó ṣeé ká sí méjì, àwòrán á sì jáde kedere lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé lésà ni ó ní nílé, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún olùtajà, nítorí pé bébà dídán wà tí a ṣe fún lésà nìkan.

Kí ló dé tí bébà fi ń ti òkèèrè wá?

Èyí tó pọ̀ jù nínú bébà tí ó ń wọ ẹ̀rọ wa, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wá. Ti Kumasi, èbúté Tema ni ó ń gbà, kí ó tó gun ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà tí ó lé ní igba kìlómítà lọ sí òkè. Nígbàkigbà tí sídì tàbí náírà bá ti rọ, owó rímù á gòkè.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Nàìjíríà kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà ńlá mẹ́ta, ní Jebba, ní Iwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Oku Iboku tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí. Igi gmelina tí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú rí lọ súà nínú igbó Omo, tìtorí ilé-iṣẹ́ Iwopin ni wọ́n ṣe gbin ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ghana náà gé igbó Subri ní apá Daboase, ó gbin gmelina sí i fún ilé-iṣẹ́ bébà, wọn kò sì kọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Fọ́nrán igi gmelina kúrú, bébà tó lágbára sì nílò kí a da ti igi páìnì tí ó gùn pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn náà sì di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi owó òkèèrè rà. Àìtó owó àti iná mànàmáná parí ìyókù. Ó dun ni pé igi ń bẹ lẹ́yìnkùlé, tí a sì ń ra bébà láti ọ̀nà jíjìn.

Ìwé tí ẹ kò fẹ́ kí ó parẹ́

Nígbà tí T. E. Bowdich tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Kumasi ní ọdún 1817, ní ayé Asantehene Osei Bonsu, ó bá àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní ààfin tí wọ́n ń kọ èdè Lárúbáwá sórí bébà. Wọ́n ń ká irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi awọ wé e, ó sì ń di tírà tí àwọn ológun ń rán mọ́ ẹ̀wù ogun. Nínú ìlú tí bébà ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ṣeré.

Àwọn Yorùbá Kumasi ní ìdí tiwọn láti mọ iyì bébà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Ghana sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ìlú mìíràn, ni wọ́n di ẹrù. Ní ọdún 1983, ó kan àwọn ará Ghana ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ní ìwé ìgbà náà nípamọ́: ìwé ìbí, ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀. Àpò tí àwa náà sọ ní Ghana-must-go ni òmíràn wà, lábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ kò dára fún ìwé. Àpò ọ̀rá tí a dì pa nínú yàrá tí ń gbóná ń há ọ̀rinrin mọ́ inú ni, ohun tí ó sì ń fún bébà ní èébu nìyẹn.

Bébà àtijọ́ a máa pọ́n, a sì máa ṣẹ́ nítorí pé ohun kíkan kan wà nínú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é. Bébà ìwé ìròyìn burú jù, torí wọn kì í yọ gbogbo ohun inú igi kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó rí i. Lónìí, ẹfun wà nínú ọ̀pọ̀ bébà ọ́fíìsì, ó sì ń pa kíkan náà. Bí ẹ bá rí ISO 9706 lára páálí, a jẹ́ pé a ṣe bébà náà kí ó lè pẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ wá fún àdéhùn ilẹ̀ àti ìwé ìhágún. Bí bébà ṣe funfun tó kọ́ ni kí ẹ fi dán an wò. Èròjà kan ni wọ́n máa ń fi mú un funfun gbòò, ó sì ń parẹ́ bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Yíńkì náà ní ìpín tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú lésà kì í bẹ̀rù omi. Nínú àwọn ẹ̀rọ oníyíńkì, yíńkì kan ń yòrò bí aró tí kò mú, òmíràn kò yòrò. Ẹ tẹ ìlà kan, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dòní-dọ̀la, kí ẹ kán omi sí i. Bí ó bá ṣàn, ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn tẹ ohunkóhun tí ẹ fẹ́ kí ó pẹ́.

Ó ku bébà kan tí ọ̀pọ̀ kì í kà kún. Ìwé pélébé tí ẹ̀rọ POS tàbí ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní báńkì ń tẹ̀ kò ní yíńkì rárá. Bébà náà fúnra rẹ̀ ni ó ń dúdú níbi tí ooru bá kàn án, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ń parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì tàbí lórí páálí ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹni tí ó bá san owó ilé tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́, tí irú ìwé yìí nìkan sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà 80 lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan a máa gbé e lọ fún ẹni tí ń fi ike bo ìwé kí ó lè pẹ́. Iná ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Yóò sọ gbogbo ojú ìwé náà di dúdú kí ẹ tó rí i gbà padà. Ẹ̀dà tí ẹ ṣe sórí bébà lásán ni kí ẹ fún un.